Ìbéèrè Ìdánwò Inú Sídíì

Mò ń nu tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ n'Ifọ̀ nígbà tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe gbé òmíràn dé, torí tèmi ti kú. Ó ti mú sídíì tí mo kó iṣẹ́ mi pamọ́ sí lọ yẹ̀ wò. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ìṣojú mi ni kó ti kó iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà tuntun, nítorí ìbéèrè ìdánwò táwọn ọmọ ò tíì ṣe wà níbẹ̀.

Ó tan kọ̀ǹpútà náà. Sídíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè ìdánwò ti wà lórí kọ̀ǹpútà.

“Ta ló ti rí i?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Èmi àtìyàwó mi nìkan ni. Tíṣà ni, kì í ṣòfófó.”