Ẹ̀rù Àtíkè

Òórùn ilé ìtajà àtíkè yẹn ló kọ́kọ́ pàdé mi, kí n tó fojú kan ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀. Ó dùn, ó tutù, ó gba ẹnu ọ̀nà onígíláàsì jáde wá bá mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì n'Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọjá níwájú ilé náà bí ẹni tó ń lọ síbòmíràn. Lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́gáàdì tó jókòó síbẹ̀ dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ wọlé, mà," ojú sì tì mí láti sá. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn, tí mo gbá báàgì mi mọ́ àyà bí ẹni tí olè ń lé.

Aránṣọ ni mí ní Fìdítì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, a sì ti mú ọjọ́ yìgì mi, ó ku oṣù méjì. Ẹni tó bá rí mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kò lè gbà pé ojo ni mí. Mo máa ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ lórí ọrùn aṣọ títí á fi gbà fún mi, mo sì ti lé ọkùnrin tó ga jù mí lọ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rí pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àtíkè síwájú mi, kí ẹ wá wo bí mo ṣe máa gbọ̀n. Òrí ni mo fi ń para, mo sì máa ń lé tìróò lọ́jọ́ ọdún, ó parí.

Ojú màmá mi ló dá ẹ̀rù náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ìyàwó, kí wọ́n tó bí mi, wọ́n ra ìpara kan tí ẹni tó tà á ní ó máa ń mú ara mọ́lẹ̀. Ara wọn mọ́lẹ̀ lóòótọ́ fún oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì dúdú, dúdú tó yàtọ̀ sí àwọ̀ wa, bí ibi tí iná ti jó. Kò sì lọ mọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ wọ́n pẹ̀lú ìborùn tí wọ́n fà wá síwájú ojú. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá béèrè ohun tó ṣe ojú wọn, wọ́n á ní omi gbígbóná ni. Èmi nìkan ni wọ́n sọ òtítọ́ fún, bí mo bá sì pẹ́ níwájú dígí, wọ́n á dúró lẹ́yìn mi, wọ́n á ní, "Aṣọ tí o bá rán tó bà jẹ́, wàá tú u. Ojú yìí ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé Ìbàdàn, kò mọ gbogbo èyí. Wọ́n fẹ́ràn mi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi àwòrán ìyàwó tí wọ́n kun lójú ránṣẹ́ sórí fóònù mi, wọ́n sì ní àwọn ti bá obìnrin kan tó mọṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, á tẹ̀ lé àwọn wá sí Fìdítì láàárọ̀ ọjọ́ yìgì. Mo ro ọwọ́ àjèjì tó máa ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ohun tí mi ò mọ̀, tó máa fi pa ojú mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ojú mi fúnra mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Tìróò yẹn náà? Ó dáa. Bí mo bá dé tí ojú yẹn dáa, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ọ́. Bí kò bá dáa, o ó jókòó fún wa o." Ohun tó gbé mi dé Ìbàdàn nìyẹn.

Káńtà mẹ́ta ló wà nínú ilé ìtajà náà, iná funfun sì tàn lórí gbogbo wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí òjìji ara mi nílẹ̀. Àwọn obìnrin tó dúró lẹ́yìn káńtà wọ aṣọ dúdú, ojú wọn ń dán bí àwo tuntun. Ọ̀kan nínú wọn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn, ètè rẹ̀ pọ́n, kò rẹ́rìn-ín, ó dúró bí ọ̀gá àgbà ilé ìwé. Mo fi í sí ẹni àádọ́ta ọdún. Kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún mi ti kanlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà." Ó na ọrùn kọjá orí káńtà láti wá mi, ó sì ké: "Ha! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi ni yín! Ọdún tó kọjá ni mo jáde ilé ìwé girama!" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ọ̀kan, ó sì ń fi bébà gbà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí kíkùn ojú rẹ̀ má baà ṣàn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ju ni lọ là ń kúnlẹ̀ fún. Lábẹ́ iná yẹn, mi ò lè fojú mọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà tí mo ti dìde nílẹ̀ ni mi ò ti lágbára láti kọ ohunkóhun. Ó béèrè ohun tí mo ń lò, mo ní òrí. "Òrí kẹ̀?" Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Ó gbé mi sórí àga gíga kan tí ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ níbẹ̀, ó di àgbọ̀n mi mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ojú mi. Mo fẹ́ bi í pé kí ló wà nínú ohun tó ń fi pa mí lójú. Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá mi fún un. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ ṣeun, mà," ni ẹ̀rín bá tún sọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú kan ṣoṣo ló kùn. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí oníbàárà lè rí ìyàtọ̀. "Ẹ ò rí i bí ẹ ṣe mọ́lẹ̀ díẹ̀?" Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bà mí lẹ́rù tó èyí, síbẹ̀ mo mi orí pé mo rí i. Mo ra àtíkè, mo ra ìpara, mo dúpẹ́, mo jáde. Nínú ọkọ̀ Fìdítì, obìnrin tó jókòó tì mí wo apá ọ̀tún ojú mi, ó tẹ̀ síwájú láti wo apá òsì, ó sì rọra fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. A ò tíì dé Mọ́níyà tí mo ti fi ìborùn bo ojú pátápátá.

Ẹ̀yin náà á rò pé mo ju nǹkan wọ̀nyẹn nù. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò kúrò létí mi, mo sì ń dán àtíkè náà wò ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kẹta, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ní ọjọ́ kẹrin, nǹkan wẹ́wẹ́ sú bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun. Ní wákàtí wákàtí ni mò ń wo dígí bóyá ibẹ̀ ti ń dúdú. Mo wọ ìbòmú, mo sì sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀fìnkìn ń ṣe mí. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi ṣe ọ̀fìnkìn láìsín ẹyọ kan. Màmá mi se àgbo fún mi, mo sì ń mu àgbo kíkorò fún àìsàn tí mi ò ní. Ní ọjọ́ kẹfà ọ̀fìnkìn náà, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fa ìbòmú náà wálẹ̀. "Gbé e wá," ni wọ́n wí. Mo gbé agolo àtíkè náà wá. Wọn ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, wọ́n ṣí i, wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀. "Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí." Wọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó àwọn oníbàárà, wọ́n bú sẹ́kún.

Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà mi kan ṣe wọlé bá wa. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni màmá yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ará Awẹ́ ni wọ́n, aṣọ wọn ni wọ́n wá gbà. Wọ́n mú mi dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo ojú mi nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n béèrè ohun tí mo fi sí i àti ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. "Ẹ má sunkún mọ́, Màmá," wọ́n ní, "ẹ tètè rí i. Kó má fi nǹkan kan sí i mọ́. Omi lásán ni kó máa fi bọ́jú." Wọ́n wá sọ fún mi pé láti ìgbà táwọn ti fẹ̀yìn tì, àwọn náà ń ṣe àtíkè nílé. Mo sún sẹ́yìn. Wọ́n rí i, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mi ò tà á fún ọ. Tí ojú yẹn bá jinná, kí o wá wò ó." Ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó ní àtíkè tí kò fẹ́ kí n rà á.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ojú mi tó jinná, kò sì fi àpá sílẹ̀. Yìgì ti sún mọ́lé. Mo wọkọ̀, mo gba Ìlọrà kọjá lọ sí Awẹ́. Kò sí káńtà níbẹ̀, tábìlì kan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí agolo róbótó kéékèèké wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi Yorùbá kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Orúkọ ni àwọ̀ wọn ní, kì í ṣe nọ́ńbà bíi tàwọn ará Ìbàdàn. Ọ̀kan ń jẹ́ ẹ̀pà yíyan, ọ̀kan ń jẹ́ kòkó, ọ̀kan ń jẹ́ igbá àtijọ́, ọ̀kan ń jẹ́ ìkòkò tuntun. Lọ́jọ́ náà, inú ìgunpá mi nìkan ni màmá tíṣà náà fi díẹ̀ sí. "Máa lọ ilé. Bí kò bá yún ọ títí di ọ̀la, padà wá." Mo gbé apá náà dé Fìdítì bí ẹni gbé ẹyin.

Kò yún mi. Nígbà tí mo padà débẹ̀, wọ́n gbé dígí lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n mú tèmi, wọ́n sì wọlé lọ wo ọbẹ̀ tí wọ́n gbé kaná. Ẹ̀rù tún bà mí. Ta ni èmi láti mú? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo àwọn agolo náà, mo rí i pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Kò sí aránṣọ gidi tó ń mú òwú nínú yàrá. Aṣọ la máa ń gbé bọ́ sínú oòrùn, a ó na oríṣiríṣi òwú lé e, èyí tí a kò bá rí mọ́ ni tirẹ̀. Mo gbé agolo mẹ́ta bọ́ sí ìta, mo fa ìlà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n mi, mo gbé dígí sókè. Méjì hàn kedere. Mo wá ẹ̀kẹta títí, mi ò rí i. Igbá àtijọ́ ni. Mo dúró sínú oòrùn yẹn, mò ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan, nítorí pé n'Ìbàdàn, mo ti jẹ́ kí ẹlòmíràn mú òwú fún mi lábẹ́ iná.

Àárọ̀ ọjọ́ yìgì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé pẹ̀lú obìnrin náà àti àpótí rẹ̀ ńlá. Mo ti parí ojú mi: àtíkè díẹ̀, tìróò, àti pupa díẹ̀ létè. Mo sì ti wọ aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n yí àgbọ̀n mi sí ojú fèrèsé. "Kí lo fi sí i tí mi ò rí i?" Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú mi." Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ará ilé ọkọ rí, mo sì dúró de ariwo. "Ojú rẹ ni," wọ́n ní níkẹyìn, wọ́n sì pe obìnrin náà sí yàrá kejì kó wá kun tiwọn, kí wàhálà rẹ̀ má baà ṣòfò.

Màmá mi nìkan ló kù. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó síwájú mi lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ṣí ìborùn kúrò lójú. "Fi díẹ̀ sí tèmi." Mo ní, "Màámi, a ò lè ṣàdédé fi sí i. Ó ní láti wà lápá yín di ọjọ́ kejì ná." Wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n na ìgunpá sí mi. Àtíkè mi wà níbẹ̀, ó ti ń ṣí léteetí. "Láti àárọ̀ àná ni. Mo yọ díẹ̀ nínú tìrẹ. Kò yún mi." Mo mú agolo, mo sì rọra fi ìka pa á sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n di ojú pinpin bí ọmọ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ fún lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò fa ojú sẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n gba dígí lọ́wọ́ mi. "Ó ṣì hàn," wọ́n ní. Mo ní ó hàn díẹ̀. Wọ́n ṣì ń wo ara wọn nínú dígí. "Ẹ̀rù ń bà mí o." Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà. A jọ dìde, a jáde sáàárín àwọn èèyàn.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Ó wù mí kí n sọ pé ẹ̀rù ti tán, irọ́ ni yóò jẹ́. Bí mo bá lọ ra òwú n'Ìbàdàn tí mo sì fẹ́ kọjá níwájú ilé onígíláàsì yẹn, mo máa ń sọdá sí òdìkejì títì. Ojú màmá mi kò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sí àtíkè tó lè ṣe ìyẹn. Ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá jókòó nídìí ẹ̀rọ ni pé mo mọ ẹ̀rù wọn láti kékeré, mo jogún rẹ̀, mo sì rò pé òun nìkan ni wọ́n ní. Mi ò mọ̀ pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ṣì ń wù wọ́n láti ṣe ojú wọn lóge. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, mi ò sì bi wọ́n rí.