Òjá Múfú

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ tábìlì kọjá láì rákò, àwọn obìnrin kan máa ń péjọ ní àdúgbò wa ní Ìtòkú lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wọn á máa rán aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ tí kò ní ìyá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé oore wọn ni mo fẹ́ ròyìn. Ohun tí ẹnu èmi fúnra mi ṣe láàárín wọn ni mo fẹ́ sọ.

Mo rántí gbogbo wọn lórúkọ. Ìyá Ṣíkírà ni àgbà wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Ìyá Dékúnlé tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, Àǹtí Fẹlí tí kò tíì bímọ wà níbẹ̀, ìyá tèmi náà sì wà níbẹ̀, Ìyá Rálíà. Aláró ni wọ́n. Àjákù adìrẹ tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ oníkálukú ni wọ́n ń kó wá. Wọn á gé e ní igun mẹ́rin, wọn á fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ra títí yóò fi fẹ̀ tó ẹní ọmọdé, wọn á wá fi àpò fúláwà tí wọ́n ti fọ̀ tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kó lè nípọn. Bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, wọn á ru àwọn aṣọ ìbora náà lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ náà.

Ẹ̀fẹ̀ wọn kì í tán. Àǹtí Fẹlí kò mọ abẹ́rẹ́ í lò, rírán rẹ̀ a máa jìnnà síra. Ìyá Dékúnlé á na aṣọ náà sókè, á ní, “Fẹlí, abẹ́rẹ́ rẹ yìí mà ń sáré o. Ta ló ń lé e?”

“Ọkọ yín ni mà,” ni Àǹtí Fẹlí á dáhùn, wọn á sì rẹ́rìn-ín títí Ìyá Ṣíkírà yóò fi ní kí wọ́n gbájú mọ́ṣẹ́.

Òfin kan wà tí wọn kì í rú. Kí ẹnikẹ́ni tó rán àjákù kan mọ́ òmíràn, yóò kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí ẹní lójú gbogbo wọn, yóò sọ ibi tó ti wá. Aṣọ oníbàárà ń bẹ nílé wọn, wọn ò fẹ́ kí ẹnì kan fi ohun olóhun ṣe sàárà. Wọn ò gba aṣọ aláìsàn. Aṣọ ẹni tó ti kú ńkọ́, pàápàá jù lọ ti ọmọdé? Èèwọ̀ pátápátá ni.

Ó kù díẹ̀ kí n pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí àbúrò mi Múfú kú. Ibà ni, ọjọ́ mẹ́ta péré. Ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òjá tó fi ń pọ̀n ọ́n. Ó fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ láfún ya ẹsẹ̀ adìyẹ kéékèèké yí etí rẹ̀ ká kó tó rì í sínú aró, kò sì ya irú rẹ̀ sára aṣọ títà rí. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kó kó gbogbo ẹrù ọmọ náà jáde, ó sì kó wọn jáde. Òjá yẹn nìkan ni kò bá wọn lọ. Mo rí i lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá mi.

Nígbà tó ṣe, lọ́jọ́bọ̀ kan, ìyá mi gbé aṣọ ìbora kan wá tó ti dá rán tán nílé.

“Ìyá Rálíà, o ò tẹ́ eléyìí fún wa rí,” ni Ìyá Ṣíkírà wí.

“Ẹ má bínú mà. Ọwọ́ mi ló dilẹ̀ nílé, mo bá fi abẹ́rẹ́ dí i.”

“Kí ni ti àárín yìí?”

“Ìró mi àtijọ́ ni.”

Ìyá Ṣíkírà gbé e síbi tí oòrùn ti ń tàn. Aláró a máa mọ ọwọ́ aláró bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ẹlòmíràn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ìró tó tín-ín-rín báyìí?” Ló bá kọjú sí mi níbi tí mo ti ń bá wọn tú òwú.

“Rálíà, wá. Ìwọ kì í parọ́. Kí ni wọ́n ń fi aṣọ yìí ṣe nílé yín?”

Inú mi dùn pé àgbà bíi tirẹ̀ bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Mo dìde bí ọmọ tó mọ ìdáhùn tíṣà. Mo ní, “Òjá tí wọ́n fi ń pọn Múfú ni, mà.”

Àǹtí Fẹlí yọ ọwọ́ kúrò lára aṣọ náà bí ẹni pé ó gbóná.

Ìyá mi kò wò mí. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó bo ọmọ kan, ẹ̀yin ìyá mi. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti sá a sóòrùn. Ẹ jẹ́ kó rí ọmọ kan bò, mi ò tún bẹ̀bẹ̀ nǹkan mìíràn.”

“Mi ò bá ọ jà,” ni Ìyá Ṣíkírà wí. “Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọlọ́mọ bá kú lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ta ni wọn á ní ó pa á?”

“Ibà ló pa ọmọ mi. Kì í ṣe aṣọ.”

“Mo gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá gbé irú rẹ̀ wá, ṣé wàá fi bo Rálíà?”

Bíléèdì ni wọ́n fi já òwú náà, ojú kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n yọ òjá, wọ́n ká a, wọ́n fi lé ìyá mi lọ́wọ́. Àjákù mìíràn ni wọ́n fi dí àárín rẹ̀, aṣọ ìbora yẹn sì bá àwọn yòókù lọ.

Ẹgba ni mò ń retí bí a ṣe ń lọ sílé. Kò nà mí. Ó ní, “Òótọ́ lo sọ. Lọ jẹun.” Ẹ gbà mí gbọ́, ìbá sàn kó nà mí. Lọ́jọ́ kejì ó ri òjá náà sínú ìkòkò aró, ó sá a, ó tún rì í, títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú bí èédú tí ẹsẹ̀ adìyẹ kan kò hàn mọ́. Ó fi ń ká òṣùká lọ sọ́jà títí ó fi gbó. Kò tún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Ṣíkírà mọ́. Wọ́n wá bẹ̀ ẹ́, Ìyá Dékúnlé tiẹ̀ sunkún. Ó bu omi fún wọn mu, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Èmi àti òun kò sọ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú. Gbogbo èèyàn ló ń kọ́ ọmọdé pé kó má parọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi pé mo lè dákẹ́.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ní Òkè-Ìléwó ni mo wà báyìí. Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, Tàwá, àkọ́bí mi, kú. Òun ló yẹ kó sin mí. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan wá láti mọ́sáláṣí, wọ́n ń gba aṣọ àlòkù láti ilé dé ilé, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi rán aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ aláìní. Mo wọlé, mo mú ìró Tàwá tó dára jù nínú àpótí, mo jókòó lé bẹ́ẹ̀dì, mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Ìgbà tó yá ni mo jáde sí wọn.

“Ọmọ mi tó kú ló ni ín o,” ni mo wí fún èyí tó di àpò mú.

“Èèyà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á kẹ́ wọn.” Ó ti na ọwọ́. “Kò séwu mà, gígé la máa gé e, kò ní í hàn.”

Ó rún un mọ́ àwọn kọ́tìnnì àti súwẹ́tà tó wà nínú àpò. Èkejì rẹ̀ ti na fóònù sí mi. “Màmá, ẹ wo ibí, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.” Kẹ̀kẹ́ Màrúwá wọn ti ń fun fèrè níta.

Mo mọ̀ pé oore ni wọ́n ń ṣe. Ayé ti là, àwọn ọmọ yìí kò bẹ̀rù aṣọ òkú, ó sì lè dára bẹ́ẹ̀. Ká ní irú wọn wà ní Ìtòkú nígbà náà ni, ìyá mi kì bá tí kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó kọ òjá Múfú yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n mọ ọmọ tó ni ín, wọ́n mọ ìyá tó fi pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Àwọn tòní kò bi mí pé kí ni orúkọ ọmọ mi. Èmi tí mo ti ro ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, tí mo ti mọ orúnkún tí mo máa kọ́kọ́ fi kan ilẹ̀ nítorí pé èkejì ń dùn mí, mo kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ni, mò ń wo kẹ̀kẹ́ títí ó fi yà.