Gíláàsì Méjì Tí Mo Dì Ránṣẹ́ sí Àna Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gíláàsì méjì fi ojú mi rí. Títí di òní, n kò tíì mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Ẹ mọ̀ pé mo ń kó gíláàsì ìtẹbébà jọ, àwọn róbótó tí òyìnbó máa ń gbé lé orí bébà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Láti ìgbà tí ọ̀nà mọ́tò ti là ni mo ti ń rà wọ́n ní ìlú Ìwopin, lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀. Ti àtijọ́ ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe. Báwo ni mo ṣe ń mọ̀ ọ́n? Mo máa ń yí ìdí rẹ̀ sókè. Bí ọwọ́ mi bá kan àpá gbágungbàgun níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ kúrò lára ọ̀pá irin tí wọ́n fi dì í mú nínú iná, mo ti rí tèmi nìyẹn!

Rẹ̀mí, ọmọ mi, fẹ́ fẹ́ Ṣínà, ọmọ ìlú Ojowo. Ìdána ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo wá ní kí n fi èyí tí mo fẹ́ràn jù ta bàbá ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ: gíláàsì méjì tó ní òdòdó nínú, tó jọra bí ìbejì.

Ojú gíláàsì ń dán, ìdí rẹ̀ ló sì lè ha á. Nítorí náà mo kọ ìdí ọ̀kan sí ìdí èkejì, mo fi òwú sáàárín, mo so wọ́n pọ̀ gírígírí. Mo gbé e fún Ìyá Lékè, aládùúgbò wa tó ń lọ tajà ní Ojowo, pé kó bá mi fi kí bàbá.

Nígbà tó padà dé, kò wò mí lójú. Ó kàn na owó ẹyọ méjì láti ọ̀dọ̀ àna mi sí mi, tí wọ́n so ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀yìn. Owó ẹyọ kẹ̀? Ṣé wọ́n rò pé mo ń tajà ni? Mo tiẹ̀ bínú díẹ̀ pé ọpẹ́ wọn kéré!

Àbúrò ìyá mi ló rí i lọ́wọ́ mi, ló bá ká ọwọ́ lérí.

"Họ́wù! Kí lo ṣe fún àna ẹ? Wọ́n ní àwọn kọ ẹ̀yìn sí ẹ!"

Ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó ni mo ti dàgbà, wọn kò kọ́ mi ní àrokò. Mo bi Ìyá Lékè pé kí ló dé tí kò sọ pé ìkíni ni. Ó ní òun rí bí mo ṣe dì í, ìdí sí ìdí bí àwọn tó kọ ẹ̀yìn síra, òun sì mọ̀ pé ẹni tó ń ru àrokò kì í sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àrokò! Èmi tí mò ń ṣọ́ gíláàsì kó má baà ha!

Rẹ̀mí kò jẹun. Ó ń bi mí pé kí ni Ṣínà ṣe tí mo fi kọ̀ ọ́. 

Ní òwúrọ̀, mo gba Ojowo lọ. Bàbá Ṣínà jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Rẹ̀mí, èwo lẹ tún dì bọ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé ẹrù náà wá. Mo tú u lójú wọn, mo fi ìka bàbá kan àpá ìdí rẹ̀, mo ṣàlàyé.  Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwé ti jẹ́ kí n gbàgbé pé ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ojú.

Wọ́n ní àwọn yóò tún un dì, ojú sí ojú. Gíláàsì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn! Róbótó mọ́ róbótó kò ṣeé so. Ìyàwó wọn ní, "Baálé mi, ẹ rọra, kí ẹ má baà fọ́ ìyàwó ọmọ yín!"

Nígbà tó sú wọn, wọ́n fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n mú èkejì. "Kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa. Rẹ̀mí ni yóò máa so wọ́n pọ̀."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká tó di ẹrù, ká ronú bí ẹni tó máa tú u yóò ṣe rí i. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀ pé n kò dá wà. Ní tèmi, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Lánàá, mo di ẹ̀wà sínú ewé, mo kọ́kọ́ gbé e lọ bi àbúrò ìyá mi pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó ní ẹ̀wà ni.