Mọ́tò Tó Ń Da Ọ́ìlì Sílẹ̀ Àdúrà

Gàní kì í ṣe ẹni tí ìjókòó máa ń dùn mọ́. Bí o bá bá a lórí àga, a jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, tàbí ó ti fẹ́ dìde. Àwọn oníṣu ní ọjà Ìpàta, tó ń bá kó ẹrù, máa ń sọ pé bí èèyàn bá fi okùn so Gàní mọ́lẹ̀, okùn náà ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí pikọ́ọ̀pù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ẹ̀fẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti wà lábẹ́ mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Bó bá wọlé pé òun fẹ́ jẹun, kò ní í tíì bu òkèlè kejì tí yóò fi tún jáde lọ wo ilẹ̀.

Pikọ́ọ̀pù náà ti dàgbà. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, bí wọ́n bá sì ti ń ṣíná sí i, gbogbo àdúgbò Gàmbàrí ló ń gbọ́. Iwájú ilé wọn ló máa ń sùn, lábẹ́ fèrèsé Gàní gan-an. Iwájú ilé yẹn kan náà ni àwọn ará agbo ilé ti ń kírun sùbúhì ní ìdájí, Bàbá Garba, àbúrò bàbá Gàní, ló sì ń ṣíwájú wọn. Ta ni yóò fẹ́ forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run kó sì gbé ọ́ìlì dúdú dìde níwájú orí? Bàbá fara dà á, ó tún fara dà á. Nígbà tó sú u, ó pe Gàní lẹ́yìn ìrun, níwájú gbogbo èèyàn.

“Mi ò bá ọ jà o,” ni Bàbá wí. “Àmọ́ ilẹ̀ àdúrà lèyí. Bí ọ́ìlì bá tún wà nílẹ̀ yìí ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, kí mọ́tò yẹn máa lọ sùn létí títì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba oorun lójú Gàní. Ó mọ etí títì. Mọ́tò aládùúgbò kan sùn síbẹ̀ rí, nígbà tílẹ̀ mọ́, orí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n bá a, gbogbo táyà rẹ̀ ti lọ. Ṣé mọ́tò tí òun fi ń bọ́ ọmọ ni òun máa gbé lọ fún olè? Ṣùgbọ́n kì í ṣe olè nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Nínú agbo ilé, èèyàn ní ibi tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá lé mọ́tò rẹ̀ síta, lójú Gàní, òun gan-an ni wọ́n lé síta, ìtìjú yẹn ò sì ní í ṣeé fọ̀ lára.

Ó wá ọ́ìlì náà títí. Ó tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò kó lè mọ ibi tó ti ń kán, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni páálí sì dúdú sí. Ó sáré lọ bá Fọlọ́runṣọ́, mẹkáníìkì ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Post Office, pé kó pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn, ìyẹn rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró níbẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ ní kó jẹ́ kí àwọn wò ó dáadáa ná. Gàní ní kò sí àyè ìwòran, kó ṣáà pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́, ọ́ìlì tún dé, ó tiẹ̀ wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ni Gàní bá gba ibẹ̀ lọ, ó pariwo mọ́ mẹkáníìkì náà lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kò mọṣẹ́.

Bó ṣe di Àlàmísì nìyẹn, Jímọ́ọ̀ ku ọ̀la. Gàní tún wa mọ́tò lọ sẹ́yìn Post Office, torí ẹni tí iná ń jó kì í yan ẹni tí yóò bá a bu omi. Ó bẹ Fọlọ́runṣọ́ pé kó má bínú.

“Mi ò bínú, Bọ̀ọ̀dá Gàní,” ni Fọlọ́runṣọ́ dáhùn. “Àmọ́ lónìí, a ò ní í tú nǹkan kan. A máa fọ̀ ọ́ ná. Ọ́ìlì máa ń tan èèyàn jẹ. Ó lè jáde lókè, kí atẹ́gùn gbá a lọ sẹ́yìn, kó wá lọ kán síbi tí kò mọ nǹkan kan.”

Ó fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà títí irin fi yọ lábẹ́ ẹ̀gbin, wọ́n sì ní láti dúró kó gbẹ. Ìdúró yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Gàní. Ó lọ dé ìdí báńkì, ó padà. Ó ra ẹ̀pà, kò jẹ ẹ́. Ó na ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti gbẹ, Fọlọ́runṣọ́ sì lé ọwọ́ náà kúrò. Nígbà tó gbẹ tán, mẹkáníìkì náà mú agolo àtíkè jáde, ó ń bù ú lù ú káàkiri.

“Àtíkè?” ni Gàní bi í. “Ṣé ilé ọkọ ló ń lọ ni?”

“Ẹ jẹ́ ká ṣe é lóge. Ibi tí ọ́ìlì bá ti kọ́kọ́ jáde, ojú àtíkè ló máa fi hàn wá.”

Àwọn méjèèjì wa mọ́tò náà lọ sí Ìpàta àti bọ̀, láàárín ọkọ̀ akóṣu àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tí kò mọ̀ ju kó ki imú bọ ibi tí kò ti sáyè. Gàní fẹ́ dúró wò ó ní gbogbo kọ́nà. Fọlọ́runṣọ́ kò gbà. Nígbà tí wọ́n padà dé, tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ́ìlì ti la ọ̀nà nínú àtíkè lẹ́yìn, ó la ọ̀nà lábẹ́ ìdérí òkè, ó sì ti yọ lẹ́nu géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì.

Gàní ká ọwọ́ lérí. “Ibi mẹ́ta? Ó ti tán fún mi.”

“Kò tán,” ni Fọlọ́runṣọ́ wí. “Ibi mẹ́ta kì í bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan ló ń tì í jáde látinú.”

Ó tú ìdérí tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Èéfín rú jáde gùù, ìdérí náà sì ń ta pọ́ún pọ́ún nígbà tó gbé e padà lé ẹnu ihò náà. Fọlọ́runṣọ́ ní mọ́tò náà kò ríbi mí. Ó ní ẹ́ńjìnnì a máa mí bíi tèèyàn, rọ́bà gbọọrọ kan sì wà tó fi ń mí. Ó fi ọwọ́ tọ rọ́bà náà láti òkè, ó ń bá a bọ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti kọjú sí ilẹ̀. Ẹnì kan ti fi okùn so ẹnu náà pinpin. Ó tú okùn, ó fa nǹkan kan yọ, atẹ́gùn sì tú jáde fúúù. Ṣùkù àgbàdo ni, wọ́n gé e dọ́gba, wọ́n sì fi ọ̀rá wé e, bí ẹni tó dé kẹ́ẹ̀gì epo.

Fọlọ́runṣọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Gàní kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Nínú gbogbo agbo ilé wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni kò fọkàn tán ìdérí olóyìnbó, tó jẹ́ pé ṣùkù tó fi ọ̀rá wé ló fi ń dé ìgò oyin, tó fi ń dé kẹ́ẹ̀gì òróró. Bàbá Garba ni.

Fọlọ́runṣọ́ so ike kékeré kan sẹ́nu rọ́bà náà pé bó bá làágùn ọ́ìlì díẹ̀, inú ike ni kó máa làágùn sí, ó sì fi ihò sílẹ̀ kó lè máa mí. Wọ́n nu gbogbo rẹ̀, wọ́n tún kun àtíkè, wọ́n tún wà á lọ. Àtíkè funfun báláú títí wọ́n fi padà.

Ó yẹ kí inú Gàní dùn, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bó bá dákẹ́, Bàbá yóò rí ike náà lọ́jọ́ kan, yóò sì tún wá nǹkan dí i. Bó bá sọ̀rọ̀, báwo ni ọmọ ṣe ń wí fún bàbá rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ba ohun tí ẹ torí ẹ̀ lé mi jáde? Ó wa mọ́tò kọjá ilé, ó yí po, ó tún kọjá. Màsúdát ìyàwó rẹ̀ dìde lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Habeebah, ẹ ti kọjá ilé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni?”

Ó kúkú wọlé. Ó lọ lóṣòó níwájú Bàbá Garba, ó kí i, ó sọ̀rọ̀ oòrùn, ó sọ̀rọ̀ iṣu. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí ṣùkù tó ti fi sápò títí ó fi jábọ́ sílẹ̀.

Bàbá wò ó. “Ṣé ó ti bọ́ ni? Mo sì so ó dáadáa.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ dí i?”

“Èmi ni. Ó ń kán tó tó níbi tí mò ń forí kàn. Mo rí i pé o ò ní ìsinmi, mo ní kí n bá ọ ṣe é, kó má di ọ̀rọ̀.”

Gàní rọra sọ fún un pé ibi tí mọ́tò ń gbà mí ni. Bàbá mú ṣùkù náà, ó ń yí i po lọ́wọ́.

“Nígbà tí mo wá dí i, ó gba ibòmíràn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Èmi náà ni mo sì ní kí o gbé e síta.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ó ti parí. A ti tún un ṣe. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbọ́.”

Bàbá mi orí pé rárá. “Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti sọ ọ́.”

Ní ìdájí Jímọ́ọ̀, ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò gbẹ táútáú. Gàní kírun náà, kò mọ ohun tó kà. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, tí ìrun parí, Bàbá Garba kò yíjú sí àdúrà bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, ó kọjú sí àwọn èèyàn, ó ní ọ́ìlì tí wọ́n rí láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ òun ló dà á sílẹ̀, òun ló dí mọ́tò ọmọ ọlọ́mọ nímú. Ó ní kí mọ́tò náà máa sùn síbi tó ń sùn.

“Gàní,” ni Bàbá wí, “mo ṣẹ̀ ọ́. Mo tọrọ àforíjì.”

Ibi tí Gàní ń wá ti padà di tirẹ̀, gbogbo agbo ilé sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rí bí àgbàlagbà náà ṣe tẹrí ba lórí ẹní níwájú àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó lóṣòó síwájú Bàbá, ó fẹ́ sọ pé òun ti dárí jì í, ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ sí bàbá. Ó dojú kọlẹ̀ títí Bàbá fi ní kó dìde, kó máa lọ sí Ìpàta.