Irin Tí Àyànníyì Kò Gé Jẹ

Nígbà tí owó epo gbòde, tí ilé tuntun ń yọ lójoojúmọ́ ní Ìsọlọ̀, Àyànníyì ọmọ Ìwó ni ó ń fi típà Ìyá Mísbáù kó iyanrìn. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó lágídí. Bí ó bá ti ní òun kò ṣe nǹkan, kò ṣe náà nìyẹn, kí ayé máa pariwo.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ náà takú sí Ṣógúnlé. Wọ́n wọ́ ọ dé gáréèjì, àwọn mẹkáníìkì tú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà, ó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Omi ti wọ inú rẹ̀. Súbérù, àbúrò Ìyá Mísbáù, fò sókè.

"Ìkà ni ẹ́! Ìwọ lo bu omi sínú ọ́ìlì ẹ̀gbọ́n mi! Bí kì í bá ṣe ìwọ, gé irin jẹ!"

Ó na sípánà sí i lẹ́nu níṣojú gbogbo mẹkáníìkì. Awakọ̀ tó bá gé irin jẹ lórí irọ́, irin ni yóò pa á. Gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀.

Àyànníyì gbá sípánà náà dànù. "Mi ò gé nǹkan kan jẹ! Ṣé olè ni mí? Ẹ tú ẹ́ńjìnnì!"

Ẹnu yà wọ́n. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tí kò ní gé irin jẹ? Ọkọ̀ yìí ló sì fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n Ìyá Mísbáù ní kí Táíyé mẹkáníìkì tú u.

Táíyé fa irin róbótó tí písítìnì ń sáré nínú rẹ̀ jáde. Inú rẹ̀ ń dán, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí omi rédíétọ̀ ń gbà, ti lu bí ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ. Ibẹ̀ ni omi gbà wọ inú ọ́ìlì. Táíyé ní bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, irin yìí a máa gbọ̀n nínú omi, omi a sì máa yọ ìfófòó sí i lára. Bí ìfófòó wọ̀nyẹn ṣe ń bẹ́ ni wọ́n ń ha irin jẹ díẹ̀díẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi tí kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

"Omi kànga lásán ni mò ń bù sí i," Àyànníyì sọ ọ́ gbangba. "Gbogbo wa ní gáréèjì là ń bù ú. Àṣìṣe mi ni. Ṣùgbọ́n mi ò ṣìkà!"

Ìyá Mísbáù mí kanlẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

Kò gbà á.

"Ẹ ṣé, Ìyá Mísbáù. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín kọ́kọ́ sọ pé èmi kì í ṣe ìkà."

Súbérù wolẹ̀. Ó kùn ún sẹ́nu pé, "Ìwọ kì í ṣe ìkà."

"Mi ò gbọ́," ni Àyànníyì wí. "Ariwo lo fi pè mí ní ìkà. Ariwo náà ni kí o fi sọ eléyìí."