Ọkọ̀ Omi tó Gúnlẹ̀ sí Igbó-Elérin

Àtìgbà tí Àsánì ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alábà, tó fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀ kan tó ní yàrá kékeré nínú, ni wọ́n ti ń pè é ní Ànábì Núhù ní Igbó-Elérin. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti kú, iwájú ilé ló gbé e kalẹ̀ sí. Òjò wá sọ inú ọkọ̀ náà di odò, ni Àsánì bá yọ rọ́bà tó dí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi lè máa jò jáde. Hameedat, ìyàwó rẹ̀, mú rọ́bà náà, ó fi dí ihò ara dúrọ́ọ̀mù omi.

Jímọ̀ tí omíyalé dé, kí Àsánì tó ti mọ́ṣáláṣí sáré délé, omi ti mu ún dé àyà. Ó gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ sínú ọkọ̀, òun náà fò wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ gbéra nílẹ̀, ó léfòó!

"Ẹ wá rẹ́rìn-ín nísinsìnyí!" ló ń kígbe sáwọn aládùúgbò.

"Bàbá Mujeeb, omi ń wọlé nísàlẹ̀ o!" Hameedat figbe ta.

Àsánì sáré wo ihò ìsàlẹ̀. "Rọ́bà yẹn dà?"

Hameedat kàn nawọ́ sí dúrọ́ọ̀mù tí àgbàrá ń yí lọ sójú títì.

Àsánì ki gìgísẹ̀ bọ ihò náà. Omi dúró. Àgbàrá sì ń wọ́ wọn lọ síbi gọ́tà ńlá, ọ̀pá tí ì bá fi tukọ̀ wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o.

Àsánì ti di ọlọ́kọ̀ lóòótọ́. Kò kàn gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ ni.