Màmá Ológì Tó Fi Orin Kọ́ Mi Ní Ọ̀rọ̀ Sísọ

Ọwọ́ Màmá Ológì wà nínú asẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń sẹ́ ògì, ó ń kọ wákà. Èmi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Borokiri, mo ń sunkún. Òórùn àgbàdo kíkan gba gbogbo àgbàlá. Ó kọ orin rẹ̀ parí kí ó tó wò mí.

"Ta ló nà ọ́?"

"Nobody, Màmá."

Ará Ìlọrin ni. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, òun ló sì máa ń lé orin fún àwọn obìnrin ásàlátù lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí, Pidgin sì rọ̀ mí lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Mo ròyìn fún un bí mo ṣe lè ṣe é. Wọ́n ti yàn mí láti kí àwọn àlejò káàbọ̀ lọ́jọ́ tí ilé ìwé wa máa fún àwọn ọmọ lẹ́bùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sunkún yìí, mo dán an wò níwájú gbogbo ilé ìwé. Ohùn mi gbọ̀n, mo sáré sọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní bí mi ò bá tún un ṣe di ọjọ́ Ẹtì, òun máa gbé e fún ẹlòmíràn.

"Sọ ọ́ kí n gbọ́," ni Màmá wí.

"Òyìnbó ni o."

"Mo mọ̀. Sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù. "O ò mí. Ẹni tí ò mí ò lè lé orin, kò sì lè bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ó fà mí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ó fi ọwọ́ tútù lé mi níkùn, ó ní kí n fi èémí ti ọwọ́ náà. Ó lé orin, mo gbè é. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi èémí kan náà sọ gbólóhùn kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lójoojúmọ́, bí mo bá ti bọ́ aṣọ ilé ìwé. Bí mo bá gbé ohùn sókè jù níbẹ̀rẹ̀, á ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Níbo lo máa gbé e gbà tó bá yá?" Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá ń kọjá lẹ́yìn ilé, tí mo ń bá a du ariwo, á ní, "No rush am. Jẹ́ kó lọ ná. Ìdákẹ́ náà wà nínú orin."

Kò gbọ́ òyìnbó, síbẹ̀ ó dá mi dúró níbì kan. "Ibí yìí, ìwọ fúnra rẹ ò mọ ohun tí ò ń sọ."

Òótọ́ ni. Mo kàn há ọ̀rọ̀ tíṣà sórí ni. Mo lọ bi bàbá mi ní ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo padà wá sọ ọ́, Màmá gbọ́ ọ, ó mi orí sí i, ó sì ń bá ògì rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà gbọ́ mi, kò gbé e fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀bùn pé, Màmá wọ ìbòrí funfun, ó jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo dé àárín ọ̀rọ̀, ohun tó kàn fò lọ lórí mi. Mo wo ọ̀dọ̀ Màmá. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ gbéra, tó sì wálẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe kó tó lé orin. Mo mí pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà padà wá, mo sì sọ ọ́ dópin.

Bí a ti ń padà sílé, ó bi mí pé, "Kí lo wá sọ fún wọn?"

Mo la ẹnu, Yorùbá tó yẹ kí n fi sọ ọ́ ò sí níbẹ̀. "I tell dem say dem do well to come," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo ìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ojú tì mí. Mo sọ lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ kan màá sọ ọ́ fún un dáadáa.

Kò pẹ́ tí mo wọ sẹ́kọ́ńdírì ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ọmọbìnrin rẹ̀ sì wá mú un lọ sí Ìlọrin. Ilé ìwé ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbá yàrá náà mọ́, ṣùgbọ́n òórùn ògì ò tíì kúrò lára ògiri.

Mo ti di lọ́yà kí a tó gbọ́ pé ó kú. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ọmọ rẹ̀ ní kí ẹnì kan nínú àwa ará Port Harcourt sọ̀rọ̀, mo sì dìde. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, Yorùbá tí mo dàgbà kí n tó kọ́, tó ṣì ń wúwo lẹ́nu mi níbòmíràn. Mo sọ ìkíni tí mo kí àwọn àlejò lọ́jọ́ sí, ní èdè tí Màmá ì bá gbọ́. Ó ku díẹ̀ kí n parí. Mo ń wá èémí, kò wá. Ìyá àgbàlagbà kan nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá lé orin, àwọn yòókù gbè é, èmi náà sì fi ìwọ̀nba ohùn tó kù lára mi gbè é.

A ò gba ohùn Màmá sílẹ̀ rí. Ní kóòtù, wọ́n máa ń sọ pé mi kì í kánjú sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ìwé òfin ló kọ́ mi. Mi ò jà wọ́n níyàn. Àmọ́ bí kóòtù bá ti tú, tí mò ń ká ìwé mi jọ, àárò rẹ̀ máa ń sọ mí. Mi ò rí ẹni tí mo lè yíjú sí, kí n bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?"